Checkout ní kílọ́ọ̀bù bàlúù: ta ni PIC gan-an, èmi tàbí tíṣà?

Ọmọ Òfúrufú MD

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo nílò ìmọ̀ràn yín kíákíá torí Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni. Mo ti gba láísẹ́nsì private, Cessna 172 ni mo fi kọ́ṣẹ́, òun náà ni mo sì ń fò látìgbà yẹn. Ní báyìí mo ti wọ kílọ́ọ̀bù kan níbí ní Maryland, wọ́n ní Cessna 182, wọ́n sì ní kò sẹ́ni tó máa dá gbé e jáde àfi tí tíṣà kílọ́ọ̀bù bá ti bá a fò tó sì rí i pé ó mọ̀ ọ́n wà, ìyẹn checkout. Kò burú, mo fara mọ́ ọn. Ohun tó wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ ni pé mo bi tíṣà náà lórí fóònù pé ta ló máa jẹ́ PIC (pilot in command, ọ̀gá tí bàlúù wà lọ́wọ́ ẹ̀), ó ní èmi ni, ṣebí mo ní láísẹ́nsì. Mo bi akọ̀wé kílọ́ọ̀bù, òun ní rárá o, tíṣà ni ìnṣọ́ránsì mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tóun náà ń fò wá ní àwa méjèèjì ni, pé àwa méjèèjì la máa kọ PIC sínú logbook (ìwé tí awakọ̀ bàlúù ń kọ wákàtí ẹ̀ sí). Èwo ni kí n gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Inú SFRA Washington (òfúrufú yí Washington ká tí wọ́n fi òfin pàtàkì dè) la ti máa gbéra, ẹ sì mọ̀ pé ibẹ̀ ò gba eré, téèyàn bá yà díẹ̀ báyìí wọ́n á ti máa wá a. Mo fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n máa mú tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Àǹtí CFI Houston

Ẹ kú ìmúra sílẹ̀. Inú mi dùn pé ẹ bèèrè kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ìgbà tí lẹ́tà FAA (iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó bàlúù) bá dé ilé ni wọ́n ń rántí bèèrè. Àwọn mẹ́ta tí ẹ bi yẹn, kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ra. Jíjẹ́ PIC ọ̀tọ̀, kíkọ PIC sínú logbook ọ̀tọ̀.

Jíjẹ́ PIC wà ní 14 CFR 1.1 (ìwé òfin bàlúù Amẹ́ríkà, ibẹ̀ náà ni àwọn nọ́ńbà òfin tó kù tí mo máa dárúkọ wà): ẹni tí àṣẹ ìkẹyìn àti ẹrù ààbò ìrìn náà wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí wọ́n ti yàn ṣáájú kí bàlúù tó gbéra tàbí nígbà tó ti wà lókè, tó sì ní rating (irú bàlúù tí láísẹ́nsì ẹ̀ gbà á láyè láti fò) tó bá bàlúù yẹn mu. 91.3 wá fi kún un pé òun gan-an ló máa dáhùn fún gbogbo bí wọ́n ṣe fo bàlúù náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni o. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àga tí èèyàn jókòó sí rárá, kò síbi tí Part 91 ti sọ pé àga òsì ni PIC gbọ́dọ̀ jókòó sí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ti pẹ́ jù nídìí iṣẹ́.

Kíkọ sínú logbook wà ní 61.51, ọ̀rọ̀ ìṣirò wákàtí nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ di kọntíróólù mú, tí láísẹ́nsì yín sì kárí category àti class (irú àti ìsọ̀rí) bàlúù náà, ẹ lè kọ wákàtí yẹn sí PIC. Tíṣà náà lè kọ tiẹ̀ sí PIC torí pé iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ yín ti rí "àwa méjèèjì". Lórí ìwé, òótọ́ ni. Nínú bàlúù, irọ́ ni.

Ó wá ku èyí tó kàn yín gan-an, òun ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ẹ́ńjìnnì 182 yẹn, horsepower 230 ni. Èyí tó bá ti ju 200 lọ, high performance ni FAA ń pè é, 61.31 sì sọ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ PIC ẹ̀ àfi tí tíṣà bá ti kọ́ ọ nílẹ̀ àti lókè, tó sì ti buwọ́ lu endorsement (ọ̀rọ̀ tí tíṣà kọ láti fi jẹ́rìí pé ó mọ̀ ọ́n) sínú logbook ẹ̀. Àwọn tó ti ń kọ wákàtí PIC lórí irú bàlúù bẹ́ẹ̀ ṣáájú 4 August 1997 nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ látorí 172, 172S tó pọ̀ ní kílọ́ọ̀bù yìí 180 ni, ó dájú pé ẹ ò tíì ní endorsement yẹn. Nítorí náà ẹ ò lè jẹ́ PIC ní Sátidé, kódà kí tíṣà náà bẹ̀ yín. Òun ni PIC látìgbà tí bàlúù bá ti kúrò lójú kan títí dìgbà tó máa fi buwọ́ lù ú fún yín. Àmọ́ gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ̀yin nìkan bá fi di kọntíróólù mú, ẹ lè kọ ọ́ sí PIC, kí ẹ kọ dual received (wákàtí tí tíṣà fi ń kọ́ yín) sí i pẹ̀lú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Dallas

Àǹtí ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un ṣàlàyé fún mi, ẹni tí òfin ní kò gbọ́dọ̀ jẹ́ PIC ló tún lè kọ PIC sílẹ̀? Ṣé èmi náà tí mo ṣì jẹ́ student lè máa kọ ọ́ nìyẹn tí mo bá ń fò pẹ̀lú tíṣà mi

Àǹtí CFI Houston

Ẹni àkọ́kọ́ lè kọ ọ́, ìwọ ò lè kọ ọ́. Ohun tí òfin logbook ń bèèrè ni rating, kò bèèrè endorsement. Òun ní rating single-engine land (bàlúù ẹ́ńjìnnì kan tó ń balẹ̀ sórí ilẹ̀) lórí láísẹ́nsì ẹ̀, 182 sì wà lábẹ́ ẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti wù kó tóbi tó. Ìwọ ò tíì ní rating kankan, student pilot ni ẹ́, ìgbà tó o bá dá nìkan wà nínú bàlúù lábẹ́ endorsement solo tí tíṣà ẹ kọ fún ẹ lo lè kọ PIC. Má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni tì ẹ́ ṣe é, torí àwọn tó ń yẹ logbook wò lọ́jọ́ ìdánwò máa ń rí i.

Bàbá Ìbejì Kent

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú ọba níbí, ẹ má gbé ti Amẹ́ríkà yìí wọ inú logbook yín o. Níbí ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ PIC, òun là ń pè ní P1. Tí tíṣà bá jẹ́ ọ̀gá ìrìn náà, ó kọ P1, ìwọ tí wọ́n ń yẹ̀ wò kọ PUT (pilot under training, ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́). Tẹ́ ẹ bá sì jọ gbà pé ìwọ ni P1, tí gbogbo ìwé ẹ pé, tó o sì ti mọ irú bàlúù yẹn tẹ́lẹ̀, tíṣà kàn jókòó wò ẹ́ ni, kò ní wákàtí kankan tó máa kọ. Mo rí àwọn kan tó ń kọ PICUS (PIC lábẹ́ àmójútó) torí wọ́n rí i nínú fọ́ọ̀mù, ìyẹn kì í ṣe ti checkout, lórí àwọn bàlúù kékeré wa yìí ìdánwò tó o yege pẹ̀lú examiner ló wà fún.

Ohun kan tún wà. 200 horsepower yẹn, ò sí nínú òfin tiwa. Ohun tí wọ́n ń wò lára 182 níbí ni pópélà ẹ̀ tó ń yí igun padà, variable pitch, ìyẹn gba kí wọ́n kọ́ ẹ ní differences training kí tíṣà sì fọwọ́ sí i sínú logbook. Lọ́jọ́ yẹn kò sí àríyànjiyàn, tíṣà ni P1. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí torí kí wọ́n tó fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́, ìwé kan wà lórí káńtà tí wọ́n ti máa kọ orúkọ captain sí, orúkọ kan péré ni àyè ẹ̀ gbà, nítorí náà ẹ̀ báà fẹ́ ẹ̀ báà kọ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó jáde síta.

Ọmọ Òfúrufú MD

Ha, Àǹtí ẹ ṣé gan-an ni. Mi ò mọ̀ pé endorsement yẹn kan ọ̀rọ̀ yìí rárá, mo rò pé checkout yẹn gan-an ni endorsement. Kí ló dé tí tíṣà fúnra ẹ̀ wá sọ pé èmi ni?

Àǹtí CFI Houston

Ó ṣeé ṣe kó rò pé ẹ ti ní in tẹ́lẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tó ń wọlé ti ní in. Ẹ pè é padà kí ẹ sọ fún un ní tààrà pé ẹ ò ní. Checkout àti endorsement kì í ṣe nǹkan kan náà. FAA ò béèrè checkout, kílọ́ọ̀bù àti ìnṣọ́ránsì ló ń béèrè ẹ̀. Endorsement ni FAA ń béèrè. Wọ́n lè ṣe méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, àmọ́ tíṣà lè buwọ́ lu endorsement kí kílọ́ọ̀bù ṣì ní kí ẹ padà wá bá wọn fò síi.

Kí ẹ sì wo ọjọ́ flight review yín náà (àyẹ̀wò tí tíṣà ń ṣe fún awakọ̀ lóòrèkóòrè). Oṣù 24 ni òfin fún wa, tó bá ti kọjá, ẹ ò lè jẹ́ PIC bàlúù kankan, kódà 172 tí ẹ mọ̀ bí ẹní mowó yẹn. Tó bá kù díẹ̀ kó pé, ẹ ní kí tíṣà so ó mọ́ checkout, wákàtí kan ìjókòó sọ̀rọ̀ nílẹ̀ àti wákàtí kan lókè ni ó kéré jù, ẹ ò ní sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Policy

Ọ̀rọ̀ akọ̀wé yẹn ni mo fẹ́ dá sí, torí ìnṣọ́ránsì ni iṣẹ́ mi, àwọn èèyàn sì máa ń gbọ́ ọ lódì. Nígbà tó ní "tíṣà ni ìnṣọ́ránsì mọ̀", kì í ṣe pé ìnṣọ́ránsì ló ń yan PIC. Kò lágbára yẹn. Ohun tí policy ń sọ ni ẹni tí àwọn máa san owó lé lórí tí bàlúù bá bàjẹ́. Nínú policy kílọ́ọ̀bù apá kan wà tí wọ́n ń pè ní open pilot clause, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ irú láísẹ́nsì, iye wákàtí lápapọ̀ àti iye wákàtí lórí irú bàlúù yẹn tí ẹni tó bá jẹ́ PIC gbọ́dọ̀ ní. Tí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun tí kò tíì kájú ẹ̀ bá lọ jẹ́ PIC, tí táyà iwájú sì ṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń balẹ̀, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè sọ pé àwọn ò sanwó. Ìdí nìyẹn tí kílọ́ọ̀bù fi ń fẹ́ kí tíṣà jẹ́ PIC títí checkout á fi parí.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí dáadáa. Kí tíṣà jẹ́ PIC, kí ìnṣọ́ránsì sì sanwó fún kílọ́ọ̀bù, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ máa sùn. Ilé iṣẹ́ náà lè sanwó tán kó wá yíjú sí ẹni tó ba bàlúù jẹ́ pé kó dá owó wọn padà, subrogation lorúkọ ẹ̀, ẹni yẹn sì lè jẹ́ ẹ̀yin tí ẹ di yoke mú. Ní kílọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló jọ ni bàlúù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni policy máa ń ka ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ onílé, ní èyí tó jẹ́ pé ẹ kàn ń háyà ni, wọ́n lè má kà yín mọ́ ọn rárá. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ta ìnṣọ́ránsì renter's fún ẹni tó ń fo bàlúù tí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ bèèrè ojú ewé policy yẹn lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ẹ fi ojú ara yín kà á. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè fi hàn yín, èmi ò ní fò pẹ̀lú wọn.

Gaithersburg Flyer

Bọ̀dá, aládùúgbò lẹ jẹ́ o, Montgomery County Airpark ni mo ti ń gbéra. Ẹ jẹ́ n sọ ti SFRA. Láti 2009 ni òfin yẹn ti di títí láé, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á gẹ́gẹ́ bí àwíjàre pé checkout ni ẹ ń ṣe. Ẹni tó bá máa jẹ́ PIC láàárín nautical mile 60 sí DCA VOR (ẹ̀rọ atọ́nà ní pápákọ̀ òfúrufú Reagan ní Washington), tó bá ń fò lábẹ́ òfin VFR (fífi ojú wo ọ̀nà fò), gbọ́dọ̀ ti ṣe ẹ̀kọ́ special awareness yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó sì ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀. Ó dáa kí ẹ̀yin náà ti ṣe é kí Sátidé tó dé bó tilẹ̀ jẹ́ tíṣà ni PIC, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó sì nílò ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dá gbé 182 jáde.

Kí ẹ tún jọ sọ ẹni tó máa fi flight plan SFRA ránṣẹ́, ẹni tó máa bá Potomac (àwọn tó ń darí bàlúù ní agbègbè yẹn) sọ̀rọ̀, àti ẹni tó máa tẹ code transponder (nọ́ńbà tí rédà fi ń dá bàlúù mọ̀). Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú nìyẹn, ọmọ ẹgbẹ́ á rò pé tíṣà ti fi flight plan ránṣẹ́, tíṣà á rò pé ọmọ ẹgbẹ́ ti ṣe é, wọ́n á gbéra pẹ̀lú 1200, code gbogbogbò tí kì í ṣe èyí tí wọ́n fún wọn. Tó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), kí ẹ̀yin méjèèjì kọ ìwé ASRS ti NASA (ibi tí awakọ̀ ti ń ròyìn àṣìṣe tó kan ààbò) lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọjọ́ 10, tó bá jẹ́ pé kì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, ó lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìyà bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dá a lẹ́bi. Ẹ má sọ pé tíṣà ti kọ tiẹ̀ kó kárí tiyín, kálukú ló ń kọ tara ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Dallas

Tí wọ́n bá wá gbé e dé iwájú FAA, ẹni tí ẹ jọ yàn ni wọ́n máa mú àbí tíṣà náà ni, ẹ sọ òótọ́

Àǹtí CFI Houston

Òótọ́ ni pé tíṣà ni ojú wọn kọ́kọ́ ń lọ sí. Látọdún 1977 ni NTSB (ìgbìmọ̀ ààbò ìrìnnà Amẹ́ríkà) ti dá ẹjọ́ kan tí gbogbo àwa tíṣà mọ̀, tó sọ pé lórí bàlúù ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tí ì báà di kọntíróólù mú, bó ti wù kí akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ̀ ọ́n ṣe tó, tíṣà ni wọ́n máa kà sí PIC. Èmi ò lè gbé ìyẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbàkígbà tí mo bá jókòó sínú bàlúù, bí ẹni tí mò ń yẹ̀ wò tiẹ̀ ní wákàtí jù mí lọ. Mo máa ń rò ó pé èmi ni wọ́n máa pè.

Ṣùgbọ́n òfin fúnra ẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni tíṣà ń jẹ́ PIC, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ẹ̀rí ẹ̀ torí ẹ máa gbọ́ kí àwọn èèyàn máa jà sí i. 61.23 gba tíṣà tí kò ní medical (ìwé ẹ̀rí ìlera) láyè láti kọ́ èèyàn, tí kò bá ti jẹ́ PIC tí kò sì jẹ́ ẹni tí òfin ní ó gbọ́dọ̀ wà nínú bàlúù náà kó tó lè gbéra. Tó bá jẹ́ pé dandan ni kí tíṣà jẹ́ PIC, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìlà yẹn ṣe? Ìdánwò gbígba láísẹ́nsì náà bẹ́ẹ̀, 61.47 sọ pé examiner kì í ṣe PIC àfi tí wọ́n bá ti jọ ṣàdéhùn ẹ̀ ṣáájú. Nítorí náà, ẹni tí ìwé ẹ̀ pé, tó ní endorsement, flight review, medical, tó mọ bàlúù náà fò dáadáa, ó lè jẹ́ PIC lọ́jọ́ checkout tí òun àti tíṣà bá fẹnu kò sí i.

Ẹ̀gbọ́n Atlanta

Ìlà medical tí ẹ dárúkọ yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i. Kílọ́ọ̀bù wa ní tíṣà àgbàlagbà kan, ọ̀gá gidi ni, ó ti fò ṣáájú kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, àmọ́ kò ní medical mọ́. Gbogbo wa la fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa ṣe checkout wa torí kò sẹ́ni tó mọ 182 tó o. Ṣé kò séwu?

Àǹtí CFI Houston

Ẹ̀gbọ́n, kò séwu tí ẹ̀yin bá lè jẹ́ PIC lábẹ́ òfin. Ohun tí mo sọ fún wa lókè wá yí padà bírí níbi tiyín: ẹ̀yin ni PIC, òun ò lè jẹ́ ẹ láéláé, kódà tí ọkàn yín bá fò lókè ẹ ò lè ní kó gba ipò yẹn. Torí náà ẹni bíi ti bọ̀dá Maryland yìí tí kò ní endorsement high performance ò lè lo bàbá yẹn rárá, torí á di pé bàlúù náà ò ní PIC kankan. Ẹni tí flight review ẹ̀ ti kọjá náà ò lè lò ó. Tó bá lè gba BasicMed (ètò ìlera tó rọrùn ju medical lọ), tó ti wà láti May 2017, ìyẹn á tó fún un láti jẹ́ PIC nígbà tó bá ń kọ́ni, ọ̀pọ̀ tíṣà àgbà ló ti gbà á. Ẹ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má fi dójú tì í, ó ṣeé ṣe kó ti ní in.

Captain Zaria

Ẹ kú àjọsọ. NCAT Zaria, ilé ẹ̀kọ́ bàlúù ti Nàìjíríà, ni mo ti kọ́ṣẹ́ kí n tó bọ́ sí airline. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, inú mi sì dùn sí i, àmọ́ mo rí i pé ìwé lẹ ń wò jù. Annex 2 (òfin òfúrufú) ti ICAO, àjọ bàlúù àgbáyé, tí gbogbo ìlú tẹ̀ lé, Nàìjíríà pẹ̀lú, sọ pé PIC ló máa dáhùn fún bàlúù yálà òun ló di kọntíróólù mú tàbí òun kọ́. Ìtumọ̀ ẹ̀ fún yín ní Sátidé ni pé ẹni tó ń fò lè má jẹ́ ọ̀gá, kò sì burú, tí ẹni méjèèjì bá ti mọ̀ ọ́n. Ibi tí èèyàn ti ń kú ni ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá méjì kì í wà nínú ọkọ̀ kan, àmọ́ ọkọ̀ tí kò ní ọ̀gá kankan ló burú jù, ìyẹn sì ni mo ń rí nínú àwọn checkout tí ẹni méjì tó ní láísẹ́nsì jókòó pọ̀ tí kálukú ń bọ̀wọ̀ fún èkejì.

Ẹ ronú ẹ̀ ná. Bàlúù ti gbéra, ẹ ò tíì ju ẹsẹ̀ bàtà 400 lọ sókè, ẹ́ńjìnnì kú. Ìwọ ń wo ojú tíṣà pé kó gbà á, tíṣà ń wo ọwọ́ ẹ pé kó o ti imú bàlúù sílẹ̀ torí ó fẹ́ mọ̀ bóyá o mọ̀ ọ́n ṣe. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó lẹ rò pé ẹ ní? Eré bàlúù ń lọ sílẹ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà nílẹ̀, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sọ ọ́ síta pẹ̀lú ẹnu: ìwọ ni PIC. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú nígbà tí runway ṣì kù, èmi ni mo máa fà á balẹ̀. Tó bá kú lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ gbà á, èmi á gbé ọwọ́ kúrò. Tí mo bá ní "balẹ̀ báyìí", kò sí ìbéèrè. Kí ẹ tún sọ èyí tí tíṣà máa fi dánwò, bí ẹni tó ń fa throttle wálẹ̀ láti fi ṣe bíi pé ẹ́ńjìnnì kú, kí ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí á jẹ́ kó yé yín pé eré ni, àti ọ̀rọ̀ tó máa fi hàn pé kì í ṣe eré mọ́.

Gbígba kọntíróólù lọ́wọ́ ara yín, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ fi sílẹ̀ á ní "you have the controls", ẹni tó gbà á á ní "I have the controls", ẹni àkọ́kọ́ á wò ó dáadáa pé ó ti gbà á, á wá tún un sọ, "you have the controls". Ẹ má jẹ́ kí tíṣà kàn máa fọwọ́ tọ́ yoke wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìsọ nǹkan, torí ẹ ò ní mọ ẹni tó ń fò. Kí ẹ sì rántí pé tó bá ti gba kọntíróólù, kì í ṣe pé ó ti di PIC tí kì í bá ṣe òun tẹ́lẹ̀, tó bá sì fi kọntíróólù lé yín lọ́wọ́, kò fi àṣẹ lé yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù fún àwa Yorùbá níbí. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé a kì í já àgbà lẹ́nu. Tíṣà yín lè jẹ́ ẹni tó tó bàbá yín, ẹ ó máa rò pé kò dáa kí ẹ sọ fún un pé epo ò tó tàbí pé ẹ ò fẹ́ balẹ̀ pẹ̀lú atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ yìí. Ẹ sọ ọ́. Ẹ lè pè é ní sà, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, àmọ́ ẹ sọ ọ́ kó gbọ́. PIC tó dáa máa ń fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀.

Ìyá Policy

Captain, Ọlọ́run á máa bá yín wa ọkọ̀ o. Ìpínrọ̀ ìkẹyìn yẹn, mo ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ilorin.

Ọmọ Òfúrufú MD

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé, ẹ kú làálàá. Mo ti pe tíṣà padà. Nígbà tí mo sọ fún un pé mi ò ní endorsement high performance, ó ní "ah, kò yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ", ó gbà lójú ẹsẹ̀ pé òun ni PIC. Ó ní òun ló máa fi flight plan SFRA ránṣẹ́, èmi ni mo máa bá Potomac sọ̀rọ̀ kí òun lè gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. A á jókòó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan nílẹ̀ ká tó jáde síta. Akọ̀wé náà ti fi ojú ewé policy ránṣẹ́, mò ń kà á lọ́wọ́.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ìyàwó mi ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ jókòó sẹ́yìn, 182 kúkú ní àga mẹ́rin. Èkejì, kí ni mo máa kọ sínú logbook gan-an?

Àǹtí CFI Houston

Ìyàwó yín, ẹ sọ fún un pé kó ní sùúrù di ìgbà mìíràn. Ẹ̀yin àti tíṣà, agbẹjọ́rò FAA ti kọ ọ́ nínú ìwé pé tíṣà àti ẹni tó ń kọ́ kì í ṣe èrò ọkọ̀ fún ara wọn, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò tíì gbéra kó sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ 90 fi lè lọ bá tíṣà fò. Ìyàwó yín, èrò ni. Tó bá ti wọlé, ẹni tó bá jẹ́ PIC gbọ́dọ̀ ti ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ 90 yẹn, tó bá sì jẹ́ lálẹ́ ni, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òru ló ti ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, tó sì dúró pátápátá lórí ilẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Tíṣà lè ní in, àmọ́ ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù ò gba èrò láyè lọ́jọ́ checkout, ẹ sì máa fa ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, ẹ máa ṣe stall (kí ìyẹ́ bàlúù má lè gbé e mọ́), kò sí ìdí tí èèyàn yín fi gbọ́dọ̀ máa wò yín látẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn.

Logbook: ẹ kọ irú bàlúù àti nọ́ńbà ẹ̀, ibi tí ẹ lọ, iye wákàtí lápapọ̀. Lábẹ́ dual received ẹ kọ gbogbo ẹ̀. Lábẹ́ PIC ẹ kọ iye tí ẹ̀yin nìkan fi di kọntíróólù mú, tí tíṣà bá gbà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi nǹkan hàn yín, ẹ yọ ìyẹn kúrò. Kí tíṣà kọ ohun tó kọ́ yín, kó buwọ́ lù ú, kó kọ nọ́ńbà láísẹ́nsì tíṣà ẹ̀. Endorsement high performance wà lọ́tọ̀, ẹ̀yìn logbook ni wọ́n sábà ń kọ ọ́ sí. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kí ẹ fi sórí fóònù yín.

Gaithersburg Flyer

Kí ẹ sì ya fọ́tò ìwé ẹ̀rí special awareness yẹn pẹ̀lú. Tí ẹ bá ti ṣe checkout tán ẹ pè mí, mo ní ibi tí a lè jọ fò lọ jẹun ní Frederick.

Akẹ́kọ̀ọ́ Dallas

Mo ti fi thread yìí pamọ́. Àǹtí, ti complex ńkọ́, Piper Arrow tí kílọ́ọ̀bù wa fẹ́ rà, ṣé bákan náà ni

Àǹtí CFI Houston

Endorsement mìíràn nìyẹn. Arrow tó jẹ́ horsepower 200 gééré ò ju 200 lọ, nítorí náà kì í ṣe high performance, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ń ká sókè, ó ní flap àti pópélà tó ń yí igun, complex ni. Ẹni tí kò bá ní endorsement complex, tíṣà ni PIC ẹ̀ títí wọ́n á fi buwọ́ lù ú. Tó bá di pé kílọ́ọ̀bù yín ti rà á, ṣí thread tuntun fún un kí a lè sọ ti gíà tó ń ká yẹn dáadáa, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀.